Ta Ni Ká Gbé Àpérò Orí Ayélujára Lé Lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, fún àwọn olùkọ́ àti ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò àpérò lórí gẹ̀lẹ̀dẹ́

Ẹ̀yin olóyè tó wà níjòókòó, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ilé-iṣẹ́ tí a óò sanwó fún kí ó bá wa gba àlejò àpérò wa lórí ayélujára. Láti ìgbà tí ìròyìn rẹ̀ ti jáde, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá pàdé mi lọ́nà ń bi mí: "Zoom ni àbí Google?" Màá dáhùn kí n tó jókòó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Àwọn tó ń bọ̀ wá gbọ́rọ̀ ni ká kọ́kọ́ mọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ á tẹ̀ lé e.

Àwọn wo ló ń bọ̀? Àwọn àgbà tó ni gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà níhìn-ín àti láwọn abúlé tó yí wa ká. Àwọn onímọ̀ wà ní yunifásítì Abomey-Calavi tó jẹ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni, àwọn kan wà ní Ifẹ̀ àti Ìbàdàn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn ọmọ wa wà ní Paris. Àwọn ará Bàhíà náà ń bọ̀, láti ìlú Salvador ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn ilé òrìṣà kan ti ń pe ara wọn ní Kétu títí dòní. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní 2008 ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo pa pọ̀. Gbọ̀ngàn kan ò lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ̀rọ̀ ayélujára.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ẹni tí mo fẹ́ ká fi ṣe òṣùwọ̀n ni ìyá kan tó wà ní Ìlárá, lẹ́bàá ààlà. Fóònù ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló máa fi gbọ́ wa. Mégà tí wọ́n ra ní àárọ̀ ni wọ́n ní. Nẹ́tíwọ̀kì tibí ń já, ti Nàìjíríà ń wọlé, ti Nàìjíríà ń lọ, tibí ń padà. Ilé-iṣẹ́ tó bá lè mú ohùn wa dé etí ìyá yẹn, àwọn ará Paris kò ní í ṣòro fún un. Èyí tó bá jẹ́ pé Paris nìkan ló rò nígbà tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó máa lọ ní tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò mégà náà, torí owó ni. Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí Zoom fúnra rẹ̀ kọ síta, ẹni tó bá wà nínú ìpàdé alájọwò, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ dáadáa, ohun tí yóò máa ná lè kọjá mégà 450 ní wákàtí kan. Ohùn lásán kò ju bíi mégà 30 sí 40 lọ. Àpérò wa, wákàtí méjì ni wọ́n kọ sórí ìwé. Gbogbo wa mọ̀ pé yóò di mẹ́ta, àwa náà la máa ń kí ara wa fún ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá fi àwòrán wò ó tán á ti na gígà kan kọjá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màá bi ilé-iṣẹ́ yòówù kó jẹ́ nìyí: ṣé ẹni tó ń gbọ́ lè pa àwòrán gbogbo ènìyàn kí ó máa gbọ́ ohùn nìkan, lórí fóònù, láìjẹ́ pé ó ní láti wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Ìkejì: ṣé ó lè wọlé láti inú líǹkì tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí kò ní í kọ́kọ́ ní kó lọ gbé ẹ̀rọ kan wálẹ̀, kó tún ní kó forúkọ sílẹ̀, kó tún ní kó lọ wo ímeèlì? Ibẹ̀ ni a ti máa ń pàdánù àwọn àgbà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó wà lọ́jà. Ti WhatsApp ni gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn 32 péré ni ìpè rẹ̀ ń gbà. Ìpàdé ìdílé ni. Zoom ọ̀fẹ́ ń gba 100, ní ogójì ìṣẹ́jú ó ti pa yín dé. Google Meet ọ̀fẹ́ àti Teams ọ̀fẹ́, wákàtí kan, ènìyàn 100. Ogójì ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan, lójú mi ọ̀kan náà ni: alága kò tíì parí ìkíni. Jitsi kò ń gbowó, kò sì ń ka ìṣẹ́jú, àmọ́ láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, ẹni tó máa ṣí yàrá lórí ìkànnì wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àkáǹtì wọlé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìpàdé ìgbìmọ̀ wa yìí, n kò ní í gbé àpérò ńlá lé e lórí.

Èyí tí àwọn olùkọ́ inú wa gbọ́dọ̀ mọ̀ ni BigBlueButton. Yunifásítì Carleton ní Ottawa, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2007, nítorí ẹ̀kọ́ gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é. Inú bráwúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní í gbé ohunkóhun wálẹ̀. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ jù ni bó ṣe ń fi ìwé hàn. Níbòmíràn, tí olùkọ́ bá ṣí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún àwọn èèyàn láti rí, fídíò ni ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà náà, bí ojú ìwé náà kò tilẹ̀ mira. BigBlueButton yóò sọ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan di àwòrán, yóò fi ránṣẹ́, ó parí. Lẹ́tà rẹ̀ á mọ́ kedere lójú fóònù kékeré, kò sì ní í jẹ mégà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n tí a fẹ́. Ẹ ó háyà sávà alágbára, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo ìpàdé máa gbà kọjá, àwọn tó ṣe é ní kó ní ìrántí gígà 16 ó kéré tán, tàbí kí ẹ sanwó fún ilé-iṣẹ́ tó ti ní in. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè mìíràn yóò wáyé: níbo ni sávà náà wà? Tó bá wà ní Amẹ́ríkà, ohùn tí ẹ̀ ń sọ níhìn-ín yóò sọdá òkun, yóò tún padà wá, kí ẹni tó wà ní Pobẹ́ tó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ òkun yìí kì í ṣe àròsọ. Ẹ rántí oṣù kẹta ọdún 2024. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, okùn ayélujára mẹ́rin bàjẹ́ nísàlẹ̀ òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. ACE àti SAT-3 yìí wà lára ohun tí Benin gbójú lé, Kùtọ̀nù ni wọ́n ti gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ àpérò tó dára jù láyé kò lè ran ẹni tí okùn rẹ̀ já lọ́wọ́. Ohun tó lè ṣe ni kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn tó wà níta ní ọwọ́ nínú àṣẹ, kí àpérò má bàa kú tí àwa tí a jẹ́ onílé bá já bọ́. Ẹ wá ọmọ Kétu kan ní Paris, ẹ fi í ṣe igbákejì olùdarí nínú ẹ̀rọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí a ti gbà sílẹ̀ ṣáájú sí i lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá fàyè gba igbákejì olùdarí, ẹ má wulẹ̀ bèèrè iye rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìlù, nítorí n kò tíì rí ìgbìmọ̀ tó rántí bèèrè nípa rẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ ìpàdé yìí, ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Wọ́n ní ọgbọ́n kan nínú tó ń pa ariwo mọ́lẹ̀: ariwo fáànù, ariwo alùpùpù, ajá tó ń gbó níta. Ó dára. Àmọ́ bí onílù bá gbé ìyáàlù sápá tó sì kọlù ú, ariwo ni ẹ̀rọ kà á sí. Yóò gbé ìlù mì. Ẹ ó máa gbọ́ "pá" kan, ẹ ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, ẹ ó tún gbọ́ ìdajì "pá" mìíràn, omele yóò sì sọnù pátápátá. Ohun tí ìyáàlù ń wí, orí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló dúró lé. Tí ẹ̀rọ bá ti jẹ ìdajì rẹ̀, onílù náà ò sọ nǹkankan mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin ẹ̀fẹ̀. Olórin kan, agberin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ á gbé ohùn olórin, á wá pa agberin mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dá a lọ́rọ̀ gé.

Zoom ní ìtọ́jú rẹ̀. Nínú ètò ohùn rẹ̀, ohun kan wà tí wọ́n pè ní Original Sound for Musicians. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò fi ohùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbi tí ìlù wà ni yóò tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń gbọ́. Google Meet náà ní ibi tí a ti ń pa ìdènà ariwo rẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi fídíò ìran gẹ̀lẹ̀dẹ́ hàn láti inú kọ̀ǹpútà, àpótí kékeré kan wà tí a ń fi àmì sí pé kí ohùn bá àwòrán lọ. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, gbogbo ayé yóò máa wo agbégẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń jó láìgbọ́ ohun tó ń jó sí. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kankan, kí wọ́n fún wa ní ìdánwò, kí onílù jókòó, kí ó lù ú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹnìkan wà ní ilé mìíràn pẹ̀lú fóònù olówó pọ́ọ́kú kó sọ ohun tó gbọ́. Kí ó má ṣe jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni yóò sọ fún wa pé ó dún dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti háyà àtíbàbà rí mọ̀ pé ẹni tó ni àtíbàbà ọ̀tọ̀, ẹni tó ń bá yín nà án ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Zoom tàbí Google ló ni ẹ̀rọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Kùtọ̀nù àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí wọ́n ń gbowó láti bá ni tò ó: wọ́n á mú kámẹ́rà wá, wọ́n á mú makirofóònù wá, wọ́n á jókòó ti kọ̀ǹpútà. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ẹ ń yàn nígbà tí ẹ bá ní ẹ ń yan ilé-iṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni wàhálà sì ti ń wá jù.

Ẹgbẹ́ kan ní Àjàṣẹ́ gbé iṣẹ́ fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní í dárúkọ wọn. "Àyè wà fún gbogbo ènìyàn" ni wọ́n wí lẹ́nu. Àyè 100 ni wọ́n rà. Àwọn ọ̀dọ́ ti wọlé kí àkókò tó tó. Ẹlòmíràn mú fóònù àti kọ̀ǹpútà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó gba ìjókòó méjì. Bàbá tó máa ṣí àpérò ni ẹ̀rọ wá sọ fún pé ilé ti kún. Ẹ wo ìtìjú! Wọ́n pe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà, ẹni tó ń tajà ló gbé e, kò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀rọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti lọ ìsìnkú ní Bohicon. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹnìkan dúró tì í ni.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ìwé àdéhùn wa ní orúkọ ènìyàn nínú, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ nìkan: lágbájá ni yóò wà níbẹ̀ láti wákàtí kan ṣáájú títí di ìparí, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí, bí kò bá lè wá, tàmẹ̀dù ni. Kí iye àyè wà nínú rẹ̀. Kí ó hàn bóyá àwa la máa wá iná tàbí àwọn. Bí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà lè lo bátìrì tirẹ̀ ṣùgbọ́n àpótí íntánẹ́ẹ̀tì yóò kú lójú ẹsẹ̀, àfi bí bátìrì bá wà fún òun náà. Kí nẹ́tíwọ̀kì méjì wà lárọ̀ọ́wọ́tó, bóyá MTN pẹ̀lú Moov tàbí Celtiis, kí ìkejì ti wà ní títàn, kì í ṣe pé ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá já ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rán ọmọ lọ ra káàdì. Kí wọ́n sì san apá kan owó padà bí àpérò bá dúró nítorí tiwọn. Wọ́n á ní àwọn kì í ṣe irú rẹ̀. Ẹ rọra ní ẹ gbọ́, kí ẹ wá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ òkèèrè, káàdì Visa tàbí Mastercard ni wọ́n ń gbà, dọ́là ni wọ́n sì fi ń dá iye lé ọjà. Sẹ́fà wa, yúrò ni wọ́n so ó mọ́: yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655,957, kì í yẹ̀. Dọ́là ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ wà ní Yúróòpù náà, bíi Livestorm ní Paris àti ClickMeeting ní Pólàǹdì. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba yúrò, kí akápò wa lè mọ iye tí yóò san láti oṣù yìí títí di oṣù kẹfà. Ohun kejì ni pé owó oṣooṣù ni púpọ̀ nínú wọn, fúnra wọn ni wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú káàdì. Oṣù kan la nílò. Ọjọ́ tí àpérò bá parí ni kí akápò lọ fagi lé e.

Lórí èdè, ẹ gbà mí láàyè kí n le díẹ̀. Àwọn kan ní kí gbogbo ènìyàn kàn sọ Faransé. Àpérò gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní Kétu, tí àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́ gan-an kò ní í gbọ́? Yorùbá ni kí èdè àpérò jẹ́, kí a wá ògbufọ̀ fún Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Potogí. Àwọn ètò Zoom kan tí a ń sanwó fún ní ọ̀nà ògbufọ̀, ẹ bèèrè kí ẹ tó rà á: ògbufọ̀ yóò máa sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ yóò mú èdè tó bá fẹ́. Yorùbá kò sí lára àwọn èdè tí wọ́n kọ́kọ́ tò síbẹ̀, àmọ́ ẹni tó ni àkáǹtì lè fi orúkọ èdè mìíràn kún un. Ẹ má gbàgbé pé ènìyàn ni ògbufọ̀. Méjì méjì ni wọ́n ń ṣe é fún èdè kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan sinmi lẹ́yìn bíi ogún ìṣẹ́jú. Owó wọn yóò ju owó Zoom lọ fíìfíì. Bákan náà, bí ẹ bá ní kí Zoom gba àpérò sílẹ̀ sórí sávà tirẹ̀, ohùn àtilẹ̀wá nìkan ni yóò gbà, kò ní í gba ti ògbufọ̀. Ẹ fi ẹnìkan sí ọ̀nà èdè kọ̀ọ̀kan, kí ó gbà á sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Fóònù kò lè ṣe ìyẹn.

Orúkọ àwọn èèyàn náà ńkọ́? Níhìn-ín, ọ̀pọ̀ wa ń kọ ɛ àti ɔ. Àwọn ará òdìkejì ààlà ń kọ ẹ, ọ àti ṣ. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá kọ Ọ̀ṣunbùnmi sínú fọ́ọ̀mù wọn, àpótí òfìfo ni wọ́n máa tẹ̀ sórí ìwé ẹ̀rí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn ohun tí a bá gbà sílẹ̀, ta ló ni wọ́n? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ariwo sọ nígbà tí àwọn èèyàn ka ìwé àdéhùn tuntun Zoom, tí wọ́n rí i pé ó jọ pé ilé-iṣẹ́ náà lè fi ọ̀rọ̀ inú ìpàdé kọ́ ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ Zoom tún un kọ, wọ́n ní àwọn kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ka ìwé tí ilé-iṣẹ́ yín bá gbé wá, pàápàá ti àwọn kékeré tí ayé kò tíì pariwo lé lórí. Ní ilẹ̀ wa, òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí à ń pè ní Code du numérique, ń dáàbò bo orúkọ àti nọ́ńbà tí àwọn èèyàn bá fi sílẹ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀. APDP ni àjọ tó ń mójú tó o. Ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba nọ́ńbà àwọn ìyá wa níbẹ̀ kó wá máa fi polówó ọjà. Àwọn orin kan sì wà tí àwọn àgbà kì í fẹ́ kí wọ́n jáde. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Kí àwọn tó rò pé orí ayélujára ni ilé ìpamọ́ ronú sí i: Skype tí gbogbo wa fi ń pe ìdílé, oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n tì í pa. Facebook, láti oṣù kejì ọdún yẹn, fídíò ojú ẹsẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ níbẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó nù ún. Díìsìkì tiwa ni kí ẹ̀dà àkọ́kọ́ wà.

Ó kù ìdáhùn tí mo jẹ yín. Bó bá jẹ́ èmi, màá ra Zoom fún oṣù kan fún àwọn tó máa sọ̀rọ̀, àwọn ògbufọ̀ àti àwọn tó nílò ògbufọ̀ nìkan, nítorí ìlù àti nítorí èdè. Láti ibẹ̀ màá gbé e sórí YouTube fún àwọn tó ń gbọ́: kò ní òpin ènìyàn, ẹni tí mégà rẹ̀ kéré lè dín àwòrán kù dé 144p, kò sì sí ìforúkọsílẹ̀. Ọ̀nà ògbufọ̀ kò ní í bá a lọ síbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n máa gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ Potogí yóò gba líǹkì Zoom. Ẹ tètè ṣí ìkànnì YouTube náà o, torí ìgbà àkọ́kọ́, ó lè gba wákàtí 24 kí wọ́n tó fún yín láàyè. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni kó jẹ́: aago kan ọ̀sán ni ní Salvador, aago kan náà ni pẹ̀lú Ìbàdàn, Paris a máa fi wákàtí kan ṣáájú wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn.

Ìyá kan bèèrè níparí pé ọwọ́ ta ni ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àkáǹtì yóò wà. Mo ní ọwọ́ akọ̀wé àti akápò, wọn ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́. Ìmeèlì ẹgbẹ́ ni kí wọ́n fi ṣí i, kí ó má jẹ́ ti ọmọkùnrin tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe. Lọ́jọ́ kejì àpérò, kí wọ́n yí i padà.